Ọwọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fọ̀ Wá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo inú ènìyàn láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Festac ni mo ti ń ṣe é, nísàlẹ̀ ilé alájà kan tí oníṣègùn eyín ń lo òkè rẹ̀. Aláboyún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé tọ̀ mí wá. Kí n tó da jẹ́ẹ̀lì sí wọn níkùn ni wọ́n ti ń bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, èmi náà á ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ara wọn á balẹ̀, ìgbà yẹn ni màá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnu mi yá. Ó yá ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ẹnu mi máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ, mo sì máa ń fi ìyẹn yangàn. Mi ò fi yangàn mọ́.

Màmá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, àti ọwọ́ wọn.

Táípísì ni wọ́n ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan fún ọdún márùndínlógójì. Ilé tí bàbá mi rí gbà ní Festac nígbà tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ṣì tuntun ni wọ́n ṣì ń gbé, ní kúlóòsì kan, òpópónà kékeré tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ń fi ipò tí wọ́n dì mú nídìí iṣẹ́ kí ara wọn títí dòní: Dárékítọ̀, ẹ káàárọ̀, Ọ́dítọ̀, ẹ kú ilé. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Màmá mi kì í ṣe Dárékítọ̀, ṣùgbọ́n kò sí Dárékítọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í gbé lẹ́tà rẹ̀ wá kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, wọn kì í sì í wo ọwọ́. Ojú wọn á wà lára ìwé tí wọ́n ń dà kọ, wọ́n á máa bá mi wí lórí oúnjẹ tí mi ò jẹ tán, ọwọ́ á sì máa sáré lọ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí mo kéré, mo máa ń ju aṣọ bo ọwọ́ wọn láti wò ó bóyá wọ́n á ṣì í tẹ̀. Wọn kì í ṣì í. Ìka mẹ́jọ ló kù fún wọn báyìí.

Òtútù ló kọ́kọ́ dé. Ní àsìkò ọyẹ́ kan, wọ́n ń ṣan ewébẹ̀ nínú omi, ìka wọn sì funfun lójijì bí ẹfun, ó funfun dé oríkèé kejì. Lẹ́yìn náà ó di aró. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí i, ó pọ́n, ó sì ń ta wọ́n débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì. A ní ọjọ́ ogbó ni. A tún ní títẹ̀wé láti àárọ̀ ọjọ́ ló fà á. Nígbà tó yá, awọ ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń dán, ó ń fún mọ́ eegun, òrùka ìgbéyàwó wọn kò ṣe é bọ́ mọ́. Ẹnu wọn ń kéré sí i títí ṣíbí ìjẹun kò fi gba ibẹ̀ kọjá, ti tíì ni wọ́n wá ń lò. Wọ́n tọ́jú làkúrègbé, wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọ́n gbààwẹ̀. Àwa náà bá wọn gbà á.

Ọdún mẹ́rin kọjá kí dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá tó gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì rẹ̀, tó yí i síwá sẹ́yìn, tó fi awò kékeré wo ìdí èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní sikilẹ̀rósíìsì ni, irú èyí tó ń mú gbogbo ara. Ó ní ara fúnra rẹ̀ ló ń bá ara jà, ó ń sọ awọ di líle, ó sì ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rántí páìpù omi Festac àtijọ́.

"Bí ìpẹtà ṣe ń jẹ ẹ́ látinú, Mọ́mì, tí omi fi wá ń kán tó, tó, tó. Bí iṣan ọwọ́ yín ṣe rí nìyẹn. Tí òtútù bá wá dé, ṣe ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ pa."

"Dókítà," ni màmá mi wí, "páìpù Festac ò kán mọ́ rárá o. A ti ń ra omi látọjọ́ pípẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti kà nípa àìsàn náà lórí fóònù mi nígbà tí a jókòó síta, mo sì ti rí àwòrán ọwọ́ àwọn tí ó ti ń ṣe tipẹ́.

Nǹkan kan wà tó ń dun màmá mi ju ìrora lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ni wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti bọ àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, obìnrin kan já ọwọ́ rẹ̀ gbà nínú ọwọ́ wọn, ó ké "Jésù!", ó ní ọwọ́ wọn tutù bí ọwọ́ òkú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ń se omi kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Abọ́ kan, fúláàsì kan, táwẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n á ri ọwọ́ bọ omi gbígbóná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á fi ìpara tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí ra á, wọ́n á sì gbé fúláàsì náà sínú báàgì lọ, kí wọ́n lè máa fọwọ́ kàn án tí kò bá sẹ́ni tó ń wò. Mo mọ̀ nípa fúláàsì yìí dáadáa. Èmi ni mo rà á fún wọn ní ọjà Agboju.

Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ṣe ọwọ́ lóore, ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níwájú ilé. Dókítà wá ní ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀nà méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé orí ìka dáadáa, òun á dín oògùn kù kí wọ́n má baà fi orí gbálẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, òun á gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù, òun á fa oògùn tó lágbára sí wọn lára kí ọyẹ́ tó dé. Ó ní kí a lọ ṣe sikáànù ọwọ́, irú èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn hàn.

"Èmi gan-an ni mo máa ṣe é," ni mo wí. Màmá mi wo dókítà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn nílé ìwé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi wà. Ẹ̀rọ kan náà tí mo fi ń wo oyún ni, a kàn ń pààrọ̀ orí rẹ̀ sí èyí tó kéré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ á pọ́n lójú rẹ̀, èyí tó ń lọ á ní àwọ̀ aró, ẹ̀rọ á sì máa mí jáde bí ọkàn ṣe ń lù, fúù, fúù, fúù. Ọrùn ọwọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó wá kọjá sí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà ìka kọ̀ọ̀kan títí dé ṣónṣó orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe tọ́jú ọwọ́ kí a tó wò ó ni yóò ṣe fi ara rẹ̀ hàn. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òtútù, yóò dà bí ẹni pé ó ti kú. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ooru, iṣan tó fẹ́ dí yóò là fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí a fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú yàrá tí kò tutù tí kò sì gbóná, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè márùn-ún sì wà tí a gbọ́dọ̀ bi í. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú sikáànù náà, màmá mi pè mí lórí fóònù. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin mẹ́ta ń dúró, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé.

"Kí ni kí n múra sílẹ̀?" ni wọ́n béèrè. "Èyí tí mo ṣe lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n mu omi kí n má tọ̀. Ṣé kí n tún mu omi?"

"Mọ́mì, ọwọ́ la fẹ́ wò, kì í ṣe àpò ìtọ̀."

"Mo mọ̀. Kí ni kí n wá ṣe sí ọwọ́ ọ̀hún?"

"Ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa wá. Ẹ má jẹ́ kí n rí ata lábẹ́ èékánná yín o, kí ẹ má dójú tì mí níbiṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn aláboyún tó gbọ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù, mo sì pe ẹni tó kàn.

Wọ́n dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì nínú gáùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo ní kí wọ́n wọlé tààrà, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í gba iwájú ẹni tó ti tò sórí ìlà, ọmọ ẹni ló ni ibẹ̀ tàbí kì í ṣe òun ló ni ín. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀. Mo rí wọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí mo jáde síta. Mo rò pé owó ni wọ́n ń ṣọ́.

Nígbà tó kàn wọ́n, mo pa amúlétutù, mo sì gba ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ó gbóná. Ó gbóná, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọwọ́ ọmọdé.

"Mọ́mì, ọwọ́ yín dáa lónìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo fa ìwé ìbéèrè náà sọ́dọ̀. Ìbéèrè kìíní ni: Ṣé ẹ ń mu sìgá? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ìyá mi, ẹni tí wọn kò fi ẹnu kan ọtí rí, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ń fa sìgá? Mo kọ "rárá". Èkejì ni bóyá wọ́n mu tíì tàbí kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ògì ni wọ́n máa ń mu. Rárá. Ẹ̀kẹta ni bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ agbára. Rárá. Ẹ̀kẹrin ni bóyá omi gbígbóná tàbí ohun gbígbóná kan ti kan ọwọ́ wọn láàárín wákàtí méjì tó kọjá. Bírò mi kò tilẹ̀ dúró. Rárá, rárá, mo kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilé onílé tí mò ń gbé ní Abúlé Adó bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àlejò tí mi ò rí rí ni màá béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó bí mi ni mo dáhùn fún.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìjókòó ńkọ́? Mo ní ṣebí wọ́n ti jókòó síta fún wákàtí kan.

Ẹ̀jẹ̀ wọn pọ́n lójú ẹ̀rọ títí dé ṣónṣó ìka. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò dára, ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín náà ń ṣàn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ṣùgbọ́n ó ń ṣàn. Mo gbé ohùn ẹ̀rọ náà sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Fúù, fúù, fúù. Wọ́n tẹ́tí sí i, orí wọn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi nìyẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni."

"Ó ń lọ déédéé," ni wọ́n wí. "Ó ń lọ bí ẹni tó mọ táípù tẹ̀."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde pé ẹ̀jẹ̀ ń dé orí gbogbo ìka dáadáa. Mo fọwọ́ sí i. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tí mo sì sọ fún àwọn aláboyún tó wà níta pé màmá mi nìyẹn. Dókítà ka ìwé náà, ó dín oògùn wọn kù sí ìlàjì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n dá a dúró ná.

Ọyẹ́ dé. Ní ọdún yẹn, ó mú ju bó ṣe máa ń mú lọ, ètè ń là, ilẹ̀ àárọ̀ ń tutù. Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún wọn, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, funfun, ó di aró, kò sì pọ́n padà. Egbò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ yọ sí orí rẹ̀. Wọn kò sọ fún mi. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn kan lé e, wọ́n ní òtútù ni. Mo ń pè wọ́n lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní àlàáfíà ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí egbò náà ti yọ, tó jẹ́ Sátidé, mo gbé ẹja lọ bá wọn láti Abúlé Adó. Mo rò pé ẹja náà ló ń rùn. Mo ti gbé e sínú firíìjì kí n tó mọ̀ pé òórùn náà ṣì wà nínú yàrá.

Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ìka náà ti dúdú ó sì ti gbẹ dé oríkèé.

Wọ́n gé e ní ọjọ́ kẹta tí a dé ilé ìwòsàn. Dókítà mú ìwé àbájáde mi dání, ó ń wò ó, ó ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Kò bínú sí mi. Ì bá sàn kó bínú.

"Ìwé yìí àti ìka yẹn ò bára mu," ló wí. "Nǹkan kan wà tí mi ò mọ̀."

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo lọ sílé wọn ní Festac láti kó aṣọ tí wọ́n máa lò ní wọ́ọ̀dù. Ní balùwẹ̀, lórí àpótí, mo bá abọ́, fúláàsì, táwẹ́ẹ̀lì àti ìpara, wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe máa ń to nǹkan sórí tábìlì ọ́fíìsì. Mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo wá kíyè sí ìwé kékeré tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, àṣà ọ́fíìsì tí kò tí ì kúrò lára wọn: mo ra èyí, mo pe lágbájá, iná dé láago mẹ́rin. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣí i padà sí ọjọ́ sikáànù. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí: "Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, mo gé èékánná, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Mo gbé fúláàsì dání kí ọwọ́ má tutù mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́."

Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Mo jókòó sórí ibùsùn wọn, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Mo lè panu mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí a tún sikáànù náà ṣe kí ó lè mọ èyí tó máa ṣe sí ìka mẹ́sàn-án tó kù, mo sì mọ ìyá mi. Bí mi ò bá sọ, wọ́n á tún fọ̀ ọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ti ọ̀tẹ̀ yìí lè dára jù. Bí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé omi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sè ló jẹ́ kí ìka wọn lọ. Mo kọ lẹ́tà sí dókítà ní ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò bi ìbéèrè kankan, pé èmi ni mo ní kí wọ́n fọ ọwọ́, pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà mo lọ bá màmá mi ní wọ́ọ̀dù, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ mọ̀ kínni?"

"Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a dé. Ó ní kí n má fi omi gbígbóná kan ọwọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó máa ń tan ẹ̀rọ jẹ. Mo ti sọ fún dókítà pé orí ara mi ni mo ti dá a ṣe. Mo ní o kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

"Irọ́ nìyẹn, Mọ́mì!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ lo bá mi gbé omi kaná ni? Èmi ti lo tèmi, mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tìẹ ṣì wà níwájú."

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí wọn ju bó ṣe bí mi sí ara mi lọ. Mo dìde, mo pariwo mọ́ ìyá mi níwájú àwọn aláìsàn mẹ́fà, mo ní ta ló ní kí wọ́n máa gbà mí sílẹ̀, mo ní ṣé ìka wọn ni wọ́n fẹ́ máa fi ra iṣẹ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n jáde. Mo jáde, mo dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìtìjú, mo sì tún padà wọlé nítorí mi ò tíì fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ti la ẹnu kékeré náà sílẹ̀ kí n tó gbé ṣíbí.

Dókítà gba lẹ́tà mi, ó kà á, ó ní Mọ́mì ti sọ ọ̀rọ̀ míì fún òun. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú fáìlì kan náà. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe sikáànù kejì, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Màmá mi ló kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló máa ṣe é tàbí kí ẹnikẹ́ni má ṣe é.

Ilé ìwòsàn dá wọn sílẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Túsídeè. Kò sí fúláàsì, kò sí báàgì. Ọwọ́ méjèèjì wà níta gbangba níwájú wọn bí ohun tí wọ́n bá ẹlòmíràn gbé wá. Mo ti pa amúlétutù láti ìdajì wákàtí, mo ti ti ilẹ̀kùn. Mo mú ìwé ìbéèrè, mo sì wo ojú wọn.

"Ṣé ẹ ń mu sìgá?"

"Rárá," ni wọ́n wí, wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ mu tíì tàbí kọfí láàárọ̀ yìí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ agbára?"

"Rárá."

"Ṣé omi gbígbóná tàbí ohun gbígbóná kankan kan ọwọ́ yín?"

"Rárá. Mi ò fi omi kankan kàn án láti àná ìrọ̀lẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ náà dáadáa. Epo àkàrà ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka, ata pupa wà lábẹ́ èékánná wọn. Obìnrin tí wọ́n máa ń nu kọ́kọ́rọ́ táípù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án ló rin ojú ọ̀nà Festac wá pẹ̀lú ọwọ́ yẹn.

Ìbéèrè karùn-ún ni bóyá ọgbẹ́ wà lọ́wọ́. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ó wà." A jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èmi àti àwọn, ọwọ́ wọn kò kan nǹkan kan.

Mo da jẹ́ẹ̀lì sí ọrùn ọwọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ń lọ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé orí ẹ̀rọ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dẹ̀ ẹ́, mo yí i, mo lọ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lọ sórí ìka ọmọńdinrín fúnra rẹ̀. Ó dúdú, kò sì sí ohùn kankan. Màmá mi ti yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ìjọ́sí, wọ́n ń retí. Wọ́n retí títí.

"Ṣé o ti tàn án?" ni wọ́n béèrè.

Ó pẹ́ kí n tó lè la ẹnu. Ẹnu mi tó yá.

"Ó wà ní títàn, Mọ́mì."

Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n wo ìka náà, wọ́n mi orí.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fọwọ́ sí i, mo pe dókítà, ó ní kí n gbé wọn bọ̀ lójú ẹsẹ̀, òun á wá bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo ń nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lára wọn, wọ́n bi mí ní ohùn kékeré bóyá àwọn lè fọ ọwọ́ báyìí. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo fi ìgbọ̀nwọ́ mi wò ó, mo kúnlẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́ fún wọn, ìka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó ṣì wà lọ́jọ́ náà, títí ata fi kúrò lábẹ́ èékánná.